Ara Gbígbóná Kì í Ṣe Ibà Ẹ̀fọn Nìkan

  Ẹni tí ó ti ro oko láti àárọ̀, tí ó tún wá jókòó níwájú pátákó dúdú ní alẹ́, ẹni ńlá ni. Èmi ọmọ yín kò ní fi ọ̀rọ̀ asán gba oorun yín.

Ọ̀rọ̀ ara gbígbóná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kò sí ilé kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Togo, tí kò mọ ara gbígbóná. Bí ara ọmọ bá gbóná, a ó ní: «Ibà ni.» Bí ara àgbà bá gbóná, a ó ní: «Ibà ni.» Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ó ń kó wa sí ìdààmú. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, a rò pé àìsàn náà jẹ́ ọ̀kan. A sì ń lo oògùn kan náà fún gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn ọmọ á yè é. Nígbà mìíràn, ọmọ á kú sí wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ti náwó.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò papọ̀.

1. Kí ni ara gbígbóná?

Ara ènìyàn ní ìgbóná tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n há abíyá ẹni tí ara rẹ̀ le, nọ́ḿbà tí ó máa ń fi hàn kì í jìnnà sí 37. Bí ó bá di 37 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ti ń gbóná nìyẹn. Bí ó bá kọjá 38 àti ààbọ̀, ó gbóná gan-an.

Kí ni ó ń mú un gbóná? Ẹ wo ìlú tí olè wọ̀ lóru. Wọ́n á lu agogo, wọ́n á tan iná, àwọn ọkùnrin á jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara wa ń ṣe nígbà tí kòkòrò tí ojú kò lè rí bá wọ inú rẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iná náà, kí ó lè bá kòkòrò jà.

Nítorí náà, ara gbígbóná kì í ṣe àìsàn. Àmì àìsàn ni. Ó ń sọ fún wa pé àlejò burúkú ti wọlé. Ṣùgbọ́n kò sọ irú àlejò tí ó jẹ́. Àwa ni a ó wádìí.

2. Irú àlejò mẹ́ta

Irú kìn-ín-ní ni kòkòrò ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tí ń jẹ ni lóru ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ó ní oògùn tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó ń pa ọmọdé kíákíá.

Irú kejì ni baktéríà. Òun ni ó máa ń mú kí egbò kẹ̀, kí etí ọmọ máa ṣe ọyún. Òun náà ní oògùn tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kápúsù aláwọ̀ méjì tí a mọ̀, baktéríà ni wọ́n ṣe é fún.

Irú kẹta ni fírúsì. Fírúsì kéré púpọ̀ ju baktéríà lọ. Òun ni ó ń fa ọ̀fìnkìn. Òun ni ó ń fa èéyi, tí ara ọmọ fi ń sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n. Òun ni ó ń fa ibà pọ́njú, ibà dengue àti ibà Lassa. Kòrónà tí ó mú kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu ní ọdún 2020, fírúsì ni. Ilẹ̀gbóná tí ó sọ ilé àwọn bàbá ńlá wa dahoro, fírúsì ni.

Ara tí fírúsì mú gbóná, àwọn kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Kí ló dé? Púpọ̀ nínú wọn ń wó ògiri ilé baktéríà ni. Fírúsì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Inú ara tiwa ni ó ń wọ̀ lọ tí ó ń sá pamọ́ sí. Kí ni oògùn yóò wá wó? Yóò kàn rìn kọjá ni, bí ẹni tí ó gbé àáké lọ gé omi.

Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fírúsì tí ń mú ara gbóná, ara wa fúnra rẹ̀ ni yóò ṣẹ́gun wọn láàrin ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7. Iṣẹ́ tiwa ni kí a ran ara lọ́wọ́, kí a má ṣe dí i lọ́wọ́, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Bí ìjà náà bá fẹ́ borí ara, kí a tètè gbé aláìsàn lọ sí ibi tí wọn yóò ti gbà á.

3. Oògùn orí àtẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kí ẹ má bínú. Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, ibo ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń sá lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbé àtẹ oògùn kiri ọjà ni. Yóò ka kápúsù pupa 3, yóò ka oníyẹ̀fun funfun 2, yóò ní: «Ẹ lọ fún un, ara rẹ̀ yóò tutù.»

Bí ó bá jẹ́ fírúsì ni, ara ọmọ yóò tutù ní ọjọ́ kẹrin tàbí ọjọ́ karùn-ún lóòótọ́. A ó wá ní kápúsù ni ó ṣe é. Irọ́ ni. Bí a kò bá fún un rárá, ara rẹ̀ ìbá tutù ní ọjọ́ kan náà. Àkùkọ tí ó kọ ní ìdájí kọ́ ni ó mú ilẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Èkíní, bí a bá ń lo kápúsù baktéríà lásán, baktéríà yóò mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní jẹ́ mọ́. Èkejì, oògùn tí oòrùn ti pa lórí àtẹ kò dára mọ́. Ẹ̀kẹta, òmíràn jẹ́ ayédèrú pátápátá. Ní ọdún 2017, ìjọba Benin kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn irú èyí ní ọjà Adjégounlè ní Cotonou. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn olórí orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà pàdé ní Lomé nítorí ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn yìí kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí àwọn olórí ìlú báyẹn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tí ó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ìdí lè ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ibà yóò lọ, ọmọ yóò máa tiro títí ayé. Ẹ má gbà á.

4. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní ilẹ̀ tiwa, ibà ẹ̀fọn ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wádìí, nítorí òun ni ó ń tètè pa ọmọ. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti fírúsì. Ọwọ́ tí a fi kan iwájú orí kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí ó ní irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Yóò gún orí ìka ọmọ, yóò mú ẹ̀jẹ̀ kán kan, yóò fi sí ara irinṣẹ́ kékeré kan. Ẹ ó dúró díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ yìí ní lẹ́tà méjì lára: C àti T. Lẹ́tà C kò sí nínú Yorùbá tí a ń kọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ ọ́n: ó rí bí òṣùpá tuntun. T ni ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ìlà bá yọ ní C, tí òmíràn yọ ní T, ibà ẹ̀fọn wà níbẹ̀, kódà bí ìlà T bá ṣe bàìbàì. Kí ọmọ gba oògùn rẹ̀, kí ó sì lò ó tán.

Bí ìlà bá yọ ní C nìkan, wọn kò rí ibà ẹ̀fọn. Ẹ má fipá mú wọn pé kí wọ́n fún yín ní oògùn ibà ẹ̀fọn.

Bí ìlà kò bá yọ ní C, irinṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Kí wọ́n lo òmíràn.

5. Bí kò bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn ńkọ́?

Oníṣègùn yóò wo etí, yóò wo ọ̀nà ọ̀fun, yóò gbọ́ mímí ọmọ. Bí ó bá rí baktéríà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan oògùn tí ó yẹ. Bí ó bá ní fírúsì ni, tí ó sì ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé, ẹ má ṣe rò pé ó kọ̀ yín sílẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́ yín. Iṣẹ́ náà nìyí:

Omi. Ara tí ń gbóná ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sí oòrùn. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 6, ẹ fún un ní ọmú léraléra, lọ́sàn-án àti lóru. Ọmú nìkan ni omi rẹ̀. Ọmọ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un ní omi tí ó mọ́, ẹ̀kọ mímu, omi ọbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà gbogbo. Bí ó bá ń yàgbẹ́ tàbí tí ó ń bì, ẹ lo ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ni ní ilé ìwòsàn. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó pò ó. Bí kò bá sí, ẹ mú omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí kékeré ṣúgà 6, àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí náà kún gédé, kí ó má ṣe ga bí òkè. Ẹ má fi iyọ̀ kún un.

Aṣọ. Ẹ má fi aṣọ òtútù wé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó. Kí atẹ́gùn máa wọ yàrá. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún lára, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò. Omi tútù nini yóò mú un gbọ̀n, inú ara rẹ̀ yóò sì tún gbóná sí i.

Oúnjẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná kì í fẹ́ jẹun. Ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Parasetamọ́lù. Oògùn yìí kì í pa fírúsì. Ó kàn ń mú kí ara tutù díẹ̀, kí orí yé fọ́, kí ọmọ lè mu omi kí ó sì sùn. Bí ara ọmọ bá gbóná ṣùgbọ́n tí ó ń ṣeré, kò pọn dandan. Bí ẹ ó bá lò ó, ẹ wo nọ́ḿbà tí ó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 500: ọmọ ọdún 1 títí di kí ó pé ọdún 3, ìdá kan nínú mẹ́rin hóró kan, ọmọ ọdún 3 sí 5, ààbọ̀ hóró. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 1, oníṣègùn ni kí ó sọ iye rẹ̀. Wákàtí 6 gbọ́dọ̀ wà láàrin ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kejì, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàrin ọ̀sán àti òru. Àgbàlagbà lè lo hóró 1 tàbí 2 lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbóná. Àgbà náà kò gbọdọ̀ lo aspirin tàbí ibuprofen bí a kò bá tí ì mọ irú ibà tí ó jẹ́, nítorí bí ó bá jẹ́ dengue, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà.

Àgbo ńkọ́? N kò wá síbí láti bú ewé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n àgbo kò ní nọ́ḿbà lára. A kò mọ iye tí ó tó ọmọ ọwọ́, a kò sì mọ ìgbà tí yóò pọ̀ jù. Ẹ má rọ ọmọ ní àgbo. Bí àgbà bá ti mu ún, kí ó sọ fún oníṣègùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

6. Bí gìrì bá mú ọmọ

Èyí ni ó ń dẹ́rù ba ìyá jù lọ. Ara ọmọ gbóná lójijì, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ilé á pariwo. Ẹnì kan á ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ẹnì kan á da epo kẹrosíìnì sí i lára, ẹlòmíràn á gbé ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀. Kì í ṣe gìrì ni ó jó ẹsẹ̀ ọmọ, àwa ni.

Ẹ tẹ́ ọmọ sí orí ẹní, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ mú ohun líle kúrò ní àyíká rẹ̀. Ẹ má dì í mú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo. Ẹ wo aago. Púpọ̀ nínú gìrì tí ara gbígbóná fà kì í pé ìṣẹ́jú 5 kí ó tó dá. Ṣùgbọ́n yálà ó tètè dá tàbí kò dá, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ibà ẹ̀fọn tí ó ti dé ọpọlọ ń mú gìrì wá bákan náà.

7. Àmì tí kò gba ìdúró

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, yálà ọ̀sán tàbí òru, ẹ gbéra:

– ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 2 tí ara rẹ̀ ń gbóná;
– ọmọ tí kò lè mu omi tàbí tí kò lè fa ọmú;
– ẹni tí ó ń bi gbogbo ohun tí ó bá jẹ;
– ẹni tí gìrì mú, tàbí tí ó ń sùn tí a kò lè jí i;
– ọrùn tí ó gan, tí kò ṣe é tẹ̀;
– ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde ní imú, ní ìdí eyín, nínú èébì tàbí nínú ìgbẹ́;
– ojú tí ó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, tàbí ìtọ̀ tí ó dúdú;
– àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ó funfun;
– ọmọ tí kò tọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán;
– aboyún tí ara rẹ̀ ń gbóná;
– mímí tí ó yára, tàbí igbá àyà tí ń wọnú nígbà tí ọmọ bá ń mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ḿbà, ẹ lè ka mímí fúnra yín. Kí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ máa ka bí ikùn rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ọmọ oṣù 2 sí 11: bí ó bá tó 50, ó yára jù. Ọmọ ọdún 1 sí 5: bí ó bá tó 40, ó yára jù.

Ẹ ṣọ́ra o: nínú ibà dengue, ewu lè dé lẹ́yìn tí ara ti tutù. Láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje, bí inú bá ń run ènìyàn gidigidi, tí ó ń bì, tí ó sì rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé «ara rẹ̀ ṣáà ti tutù». Ẹ gbé e lọ. A ti rí dengue ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 2019.

8. Ìwé kékeré tí ó ń gba ẹ̀mí là

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, oníṣègùn yóò bèèrè pé: «Láti ọjọ́ wo?» Ìyá á ní: «Bí ọjọ́ mẹ́ta.» Ìyá àgbà á ní: «Rárá, ó ti di márùn-ún.» Oníṣègùn á ní: «Oògùn wo ni ó ti lò?» Wọ́n á ní: «Oníyẹ̀fun funfun kan ni.» Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí yóò ṣe?

Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé nìyí. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò kan, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ Ajé, àárọ̀. Ara Ọmọ gbóná. Ó ń mu ọmú.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: kò sí ibà ẹ̀fọn. Parasetamọ́lù, ìdá kan nínú mẹ́rin, aago 12.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ara ṣì gbóná. Ó mu ẹ̀kọ. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Ọjọ́rú. Ara ṣì gbóná. A padà sí ilé ìwòsàn.

Ìlà mẹ́rin péré ni. Ẹni tí ó bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lè kọ èyí. Ẹ wò ó: ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà. Òfin wa nìyẹn. Bí ara bá ṣì ń gbóná ní ọjọ́ kẹta, kódà bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní kò sí nǹkan, ẹ padà lọ. Àyẹ̀wò lè rí lónìí ohun tí kò rí lánàá.

9. Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín

Ọmọ ń ṣàìsàn, ìyá fẹ́ gbé e lọ, ẹbí ní: «Dúró kí bàbá rẹ̀ dé.» Bàbá wà ní oko ẹ̀gbìn, tàbí ó ti sọdá sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́. Kí ó tó dé, ilẹ̀ ti ṣú. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin bàbá mi, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi àṣẹ sílẹ̀: «Bí ẹ bá rí àmì ewu, ẹ má dúró dè mí.» Kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ náà, owó zémijàn àti owó ìwé. Àṣẹ tí kò ní owó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bí ó bá ṣòro fún ẹnì kan, kí ẹgbẹ́ ṣe é: kí olúkúlùkù máa dá díẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí a ní àpótí aláìsàn. Ẹni tí ó bá mú níbẹ̀, kí ó dá a padà nígbà tí ó bá tà.

10. Bí a ṣe lè dí i lọ́nà

Fírúsì tí a kò bá jẹ́ kí ó wọlé, a kò ní wá oògùn rẹ̀ kiri.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọmọ oṣù 9, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú. Kí a tún gbé e padà ní ọdún kejì rẹ̀ fún ti èéyi. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo ń dáàbò bo ènìyàn títí ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní abẹ́rẹ́ kò wúlò, ẹ rán an létí ilẹ̀gbóná. Ẹni ìkẹyìn tí ó kó o lọ́nà ti ara wà ní Somalia ní ọdún 1977. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ.

Omi tí ó dúró. Ẹ̀fọn tí ń gbé dengue àti ibà pọ́njú ń jẹ ni lọ́sàn-án. Omi mímọ́ ni ó ń yé ẹyin sí: inú ìkòkò, àgbá omi, táyà, agolo, igbá fífọ́. Ẹyin rẹ̀ lè di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ bíi 7 sí 10. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ da omi inú wọn nù, ẹ fọ ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹ sì bo èyí tí ẹ ń lò. Ti ẹ̀fọn òru, ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n.

Eku. Ibà Lassa wá láti ara eku kan tí ń gbé inú ilé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń kó bá oúnjẹ. Ní ọdún 2016 ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Tchaourou, tí kò jìnnà sí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Ẹ kó gààrí, àgbàdo àti èlùbọ́ sí ohun tí ó ní ìdérí. Ẹ má sá èlùbọ́ sí ibi tí eku ti ń rìn. Ẹ má pa eku ilé jẹ. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ń lé fírúsì ọ̀fìnkìn àti kòrónà kúrò lọ́wọ́. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fún ọmọ lóúnjẹ. Ẹni tí ń wúkọ́, kí ó fi ìgúnpá bo ẹnu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ mi kò jù báyìí lọ. Ara gbígbóná kì í ṣe ibà ẹ̀fọn nìkan. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí a fún aláìsàn lómi. Kí a kọ ọjọ́. Kí a mọ àmì ewu, kí a má sì dúró de ẹnikẹ́ni nígbà tí a bá rí i. Ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kà ní ilé yín.



Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Irú kòkòrò mẹ́ta wo ni ó lè mú ara gbóná?
2. Kí ló dé tí kápúsù baktéríà kò fi lè pa fírúsì?
3. Ọmọ ọdún 2 fẹ́ lo parasetamọ́lù 500. Èló ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan? Bí ó bá lò ó ní aago 6 àárọ̀, aago mélòó ni yóò tún lè lò ó?
4. Kọ àmì ewu márùn-ún sínú ìwé rẹ. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé rẹ.
5. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀: báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ní àpótí aláìsàn?